Àyàn kọ́ ló dákẹ́, ẹ̀rọ ló pa á lẹ́nu mọ́

Sí Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Ẹ̀sùn kan wà lẹ́nu àwọn àgbà tó fẹ́ràn jùjú, fújì àti àpàlà: wọ́n ní ìlù inú rẹ́kọ́ọ̀dù ìwòyí kì í sọ̀rọ̀ mọ́, pé àwọn àyàn òde òní ò mọ̀ ju kí wọ́n máa gbá awọ lọ. Àwa tó jẹ́ pé iṣẹ́ wa ni ká máa da ohùn orin pọ̀ ní sítúdíò ò lè gbọ́ èyí ká dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àyàn ti sọ tẹnu rẹ̀ tán, tí máìkì sì ti gbà á sílẹ̀ dáadáa. Ìgbà tí wọ́n ń pa ohùn rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti gìtá, kíbọ́ọ̀dù àti àwọn akọrin ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń sọnù. Bó ṣe ń sọnù, àti ohun tí wọ́n lè ṣe kó má sọnù, la fẹ́ kọ síbí.

Ẹ wo ìró gángan ẹyọ kan. Bí kọ̀ǹgọ́ bá ba awọ, ìró méjì ló ń jáde. Àkọ́kọ́ ni ìró kọ̀ǹgọ́ fúnra rẹ̀, "pá" kan tó mú, tó máa ń wà láàárín nǹkan bí 2,000 sí 5,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; bó bá ṣe pọ̀ tó ni ohùn ṣe ń ga tó), tó sì ti tán kéèyàn tó ṣẹ́jú. Ìkejì ni ohùn awọ, tó wà nísàlẹ̀, láàárín nǹkan bí 150 sí 400 Hz lára ọ̀pọ̀ gángan. Ti ìyáàlù dùndún tún lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn awọ yìí ló ń dún lọ lẹ́yìn tí kọ̀ǹgọ́ ti kúrò. Bó ṣe ń dún lọ ni àyàn ń fún ọṣán mọ́ra tàbí tó ń tú u sílẹ̀, tí ohùn sì ń gòkè tàbí tó ń sọ̀. "Pá" yẹn ò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Ìrù ìró náà ni gbogbo gbólóhùn wà, ẹni tó bá sì gé ìrù náà kúrò ti fi ariwo sílẹ̀, ó ti da ọ̀rọ̀ nù.

Ohun tó sì ń gé e kúrò kì í ṣe ìwà ìkà. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọdé ẹnjiníà ń rí kà àti èyí tí wọ́n ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orin tí ìlù rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ìlù wà láti di àsìkò mú. Bó bá ti dún "gbì" tàbí "pá" lásìkò tó yẹ, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Wọ́n wá gbé òfin yẹn bó ṣe wà, wọ́n fi lé gángan lórí.

Òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kó wá ni pé ìdọ̀tí ló wà láàárín 200 sí 400 Hz, kí wọ́n máa gé e kúrò lára ohun gbogbo. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ máa ń kún, torí gìtá, kíbọ́ọ̀dù, béèsì àti ohùn ọkùnrin ló ń pàdé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ilé gángan. Ẹni tó bá fi equalizer, ẹ̀rọ tó ń dín apá kan ohùn kù tàbí tó ń fi kún un, gé 5 dB (dB la fi ń wọn bí ìró ṣe le tó) níbẹ̀ lára gángan, tó tún wá fi 4 dB kún un ní 4,000 Hz kó lè "yọ", ti gbé ìró kọ̀ǹgọ́ sókè pẹ̀lú 9 dB ju ohùn awọ lọ. Ìlù náà á yọ lóòótọ́, gbogbo ilé á gbọ́ ọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ ohun tó ń wí.

Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí àwọn yòókù sún fún un. Kíbọ́ọ̀dù àti gìtá tó ń gbá ìdí orin ni kí wọ́n gé, 3 sí 4 dB, kí ó fẹ̀, ní àyíká 250 sí 350 Hz. Lára béèsì, 2 tàbí 3 dB ní nǹkan bí 220 Hz tó. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì bẹ̀rẹ̀ láti 41 Hz, agbára rẹ̀ sì pọ̀ láàárín 60 sí 120, kò ní jìyà kankan. Ìlù ẹsẹ̀ ní tirẹ̀ ò ní ohun rere kan tó ń ṣe ní 300 Hz, kí wọ́n gé e níbẹ̀ láìṣàánú. Gángan fúnra rẹ̀, kí wọ́n kàn yọ ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 80 Hz kúrò, torí pé ìgbọ̀nrìrì ilẹ̀ àti ìró aṣọ tó ń ha ìlù ló wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìyáàlù, kí wọ́n má kọjá 50 Hz. Àwọn nọ́ńbà yìí ń yí padà o, nítorí ìlù méjì kì í rí bákan náà, awọ tí wọ́n gbé sínú oòrùn sì yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀rinrin mú.

Ọ̀nà kan wà láti fi yẹ ìlù wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n dá gángan nìkan gbọ́, kí wọ́n sì fi filter dí gbogbo ohun tó bá ju 600 Hz lọ. "Pá" á pòórá, ohùn awọ nìkan ni yóò kù. Bí ẹni tó gbọ́ ìlù bá ṣì lè sọ ohun tí àyàn ń wí, ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ dára, ìyókù dọwọ́ ẹni tó ń da ohùn pọ̀. Bí kò bá lè sọ ọ́, ibi tí wọ́n gbé máìkì sí ló burú: wọ́n ti gbé e kan ojú awọ, ó dojú kọ kọ̀ǹgọ́ gan-an, tàbí apá àyàn ń bò ó. Ẹ má tíì ṣí ẹ̀rọ kankan sí i, ẹ pe àyàn padà. Nǹkan bí 30 sí 40 sẹ̀ǹtímítà sí ojú ìlù, kí máìkì yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, máa ń gba kọ̀ǹgọ́ àti awọ bó ṣe yẹ.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù ni compressor. Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe ni pé bí ìró bá ga ju ibi tí wọ́n dá fún un, ó ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Wọ́n máa ń sọ fún un pé kó dúró díẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, èyí ni attack, àti pé kó pẹ́ tó báyìí kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀, èyí ni release; ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, tí ẹ̀rọ ń kọ ní ms, la fi ń wọn méjèèjì. Àwọn tó ń da ohùn ìlù ẹsẹ̀ ti òyìnbó pọ̀ máa ń fi attack sí 30 ms, kí "gbì" kọ́kọ́ kọjá kí ẹ̀rọ tó tẹ ohun tó tẹ̀ lé e. Fún ìlù ẹsẹ̀, ó dùn. Fún gángan, ohun tí ẹ ṣe ni pé ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹgọ́ kọjá, ẹ wá tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Tiwa gbọ́dọ̀ yí padà: attack 2 sí 5 ms, kí ẹ̀rọ mú kọ̀ǹgọ́, release 60 sí 80 ms, kí ó ti jọ̀wọ́ kí ohùn awọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìwọ̀n 3:1 tó, ìyẹn ni pé bí ìró bá fi 3 dB kọjá ààlà, 1 dB péré ni ẹ̀rọ á jẹ́ kó kọjá; kí abẹ́rẹ́ tó ń fi bí ẹ̀rọ ṣe ń tẹ ìró tó hàn má sì ju 4 tàbí 5 dB lọ níbi tí àyàn bá ti le jù. Lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sókè pẹ̀lú 3 dB. Ìrù ìró náà á jáde kedere bí ẹni pé àyàn sún mọ́ni.

Àmọ́ kí release má lọ sísàlẹ̀ 30 ms. Ohùn tó wà ní 150 Hz ń yí ẹ̀ẹ̀kan láàárín nǹkan bí 6.7 ms, bí ẹ̀rọ bá yára jù, ìyípo ohùn fúnra rẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, tí á sì tú u sílẹ̀, ìlù á wá máa dún bíi sípíkà tó ya.

Gate, ẹ̀rọ tó ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí ìlù bá dákẹ́ kí ohùn ẹlòmíràn má baà wọlé, la bá yọ kúrò pátápátá lórí gángan bó bá jẹ́ tiwa. Ohùn awọ máa ń rọlẹ̀ bó ṣe ń yí, gate á rò pé ìlù ti parí, á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ìdajì ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe láìsí i, kó má ṣe tì í pátápátá, kó kàn jẹ́ kó dín 8 tàbí 10 dB, kí hold, àkókò tí ilẹ̀kùn á fi wà ní ṣíṣí, wà ní 150 ms, release ní 300. Ohun tó sàn jù ni kí wọ́n fọwọ́ gé ibi tí àyàn ti sinmi fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀. Ohùn akọrin díẹ̀ tó bá wọ máìkì ìlù kò pa orin rí, bí wọ́n bá ti fi àyè sí àárín máìkì méjèèjì nígbà tí wọ́n ń gbà á sílẹ̀: bí máìkì gángan bá jìnnà sí ìlù tó 40 sẹ̀ǹtímítà, kí máìkì tó tún kàn má sún mọ́ ọn ju 120 lọ.

Reverb, ìró yàrá tí wọ́n ń fi kún ohùn, ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ní ọ̀nà mìíràn. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ lè sọ sílébù márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 200 ms fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá fi reverb tó gùn tó ìṣẹ́jú àáyá 2 sí i, ìró rẹ̀ ń fi 30 dB rẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí sílébù kejì yóò fi dé, ìró àkọ́kọ́ ò tíì ju 6 dB lọ sísàlẹ̀. Ohùn òkè ṣì ń dún nínú yàrá nígbà tí ohùn ìsàlẹ̀ ń wọlé, etí ò sì ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá dín in kù sí 0.6, ìró àkọ́kọ́ á ti lọ sílẹ̀ tó 20 dB kí èkejì tó dé. Kí wọ́n tún gé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 400 Hz kúrò lára reverb náà, kí ó má baà fi ohùn awọ kan bo òmíràn. Akọrin lè gba reverb tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, 1.2 sí 1.5, bí wọ́n bá ti fi àyè bíi 30 ms síwájú rẹ̀.

Wọ́n á ní ṣebí rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ ò ní gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí, tí ìlù inú rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ayé tí máìkì ò ju ẹyọ kan lọ, ibi tí wọ́n ní kí kálukú dúró sí ni ìdàpọ̀ ohùn: akọrin níwájú, ìlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn pátápátá. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá bo tẹlòmíràn, wọ́n á ní kó sún sẹ́yìn. Àpàlà Haruna Ishola tún ní àǹfààní kan: kò sí gìtá, kò sí kíbọ́ọ̀dù, ohun tó ń bá ìlù du àyè ò ju béèsì agídìgbo lọ. Haruna fúnra rẹ̀ ò sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ṣeré; òun náà ló dá sítúdíò ńlá sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní òpin àwọn ọdún 1970. Jùjú ló kó ara rẹ̀ sí wàhálà yìí, wàhálà tó dùn sì ni: lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni gángan àti gìtá oníná jọ wọ inú rẹ̀, láti ìgbà náà làwọn méjèèjì ti ń du àyè. Nínú ẹgbẹ́ bíi ti King Sunny Adé, tí gìtá mẹ́ta mẹ́rin ń dá ara wọn lóhùn, ẹni tó ń da ohùn pọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n borí nọ́ńbà. Kò sí ibi kan tí wọ́n lè gbé fader gángan (ohun tí wọ́n ń tì sókè sódò láti fi mú ohùn ga tàbí kó lọ sílẹ̀) sí tí yóò dára láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin orin tó gùn tó ìṣẹ́jú 15. Nígbà tí akọrin ń kọrin, kí ìlù wà lábẹ́ rẹ̀. Bí akọrin bá mí, tí gángan fẹ́ dáhùn, kí wọ́n gbé e sókè pẹ̀lú 2 sí 3 dB, kí ó sì ti dé òkè kí kọ̀ǹgọ́ àkọ́kọ́ tó balẹ̀, torí bó bá jẹ́ pé àárín gbólóhùn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, sílébù méjì àkọ́kọ́ ti bọ́. Nígbà tí ẹ̀gbè bá wọlé, kó sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó ń gba àkókò, ìdí sì nìyẹn tí iye tí wọ́n ń san fún jùjú oníṣẹ́jú 15 ò fi yẹ kó dọ́gba pẹ̀lú ti orin oníṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀rọ lè ṣèrànwọ́ díẹ̀: wọ́n lè so àwọn gìtá mọ́ compressor tó ń gbọ́ gángan, kí wọ́n máa fi 2 dB tẹrí ba fún un. Bó bá ju 3 lọ, olùgbọ́ á máa gbọ́ bí gìtá ṣe ń lọ tó ń bọ̀, èyí sì ń rínú bíni.

Kí wọ́n gbé akọrin, ìlù ẹsẹ̀ àti béèsì sáàárín. Gángan kó yà sápá ọ̀tún díẹ̀. Àwọn gìtá kí wọ́n pín sí òsì àti ọ̀tún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ òsì, agogo ọ̀tún. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ra fún ọgbọ́n kan tó wọ́pọ̀: kí wọ́n máa da ohun kan ṣoṣo sí méjì, kí wọ́n fi 15 ms dá apá kan dúró kí ó lè dún bíi pé ó fẹ̀. Lórí hẹ́díìfóònù, ó ń tanni jẹ dáadáa. Bí wọ́n bá gbé e sórí fóònù onísípíkà kan, méjèèjì á pa apá kan ara wọn, ohùn náà á di agolo.

Fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń lò. Sípíkà kékeré inú rẹ̀ ò lè gbé ohun tó wà nísàlẹ̀ nǹkan bí 300 Hz jáde dáadáa, ìyẹn ni pé ìdajì ilé gángan ò sí níbẹ̀. Etí èèyàn gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́: bó bá gbọ́ àwọn ohùn ọmọ, ìyẹn àwọn ohùn kéékèèké tí ìró kan ń bí sókè ara rẹ̀, ó lè fúnra rẹ̀ mọ ibi tí ohùn ìyá wà. Nítorí náà, kí wọ́n fi saturation díẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ya ohùn díẹ̀, sí gángan, kó lè bí àwọn ohùn tó wà láàárín 400 sí 1,000 Hz. Díẹ̀ la wí. Bó bá ti ń dún bíi gìtá tó ń jóná, ó ti pọ̀.

Nípa ohùn akọrin, ọ̀rọ̀ Auto-Tune, ẹ̀rọ tó ń tún ohùn tó yẹ̀ ṣe, nìkan la fẹ́ sọ. Láti 1997 tó ti jáde ló ti ń fa ohùn lọ sí orí ọ̀kan nínú ohùn 12 tí kíbọ́ọ̀dù ní. Orin wa ò dúró sórí ohùn 12 yẹn nìkan. Akọrin fújì tó ń ki oríkì ń yọ́ láti ohùn kan sí èkejì, ibi tó ń yọ́ gbà ló jẹ́ ká mọ ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Bí wọ́n bá fi retune speed, iye àkókò tí ẹ̀rọ náà fi ń fa ohùn, sí 0, ẹ̀rọ á sọ ìyọ́lọ̀ yẹn di àtẹ̀gùn, ohùn á máa fò láti ìgbésẹ̀ kan sí òmíràn, ìtumọ̀ á sì yà. Bó bá pọn dandan, ibi tí akọrin ti fa ohùn gùn nìkan ni kí wọ́n tún ṣe, kí speed má sì dín ní 80 ms. Orí oríkì àti ewì, kí wọ́n pa á. Orí gángan, èèwọ̀. A ò bá àwọn ọmọ Afrobeats jà o. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí ohùn òun dún bíi ti ẹ̀rọ, ohun tó fẹ́ ló rí gbà.

Ẹ̀gbè rọrùn. Bí ènìyàn mẹ́fà bá ń kọ ọ́, ohùn "s" àti "ṣ" mẹ́fà á máa wọlé ní àsìkò tó yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀, á dún bí ejò. Kí wọ́n fi "s" sílẹ̀ lẹ́nu méjì, kí wọ́n dín in kù lẹ́nu mẹ́rin tó kù.

Ohun tó kù ni ariwo. Àwọn oníbàárà máa ń ní kí tàwọn pariwo ju ti gbogbo èèyàn lọ. Limiter tí wọ́n ń fi ṣe é, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ohùn kọjá ààlà kan, kì í mọ ìlù ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Gbogbo ìgbà tí "gbì" bá balẹ̀, ó ń tẹ gbogbo orin mọ́lẹ̀ pọ̀, ìrù ìró gángan sì wà nínú ohun tó ń tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni Spotify máa ń dá orin padà sí nǹkan bí -14 LUFS (ìwọ̀n bí orin ṣe pariwo tó; bó bá ṣe sún mọ́ 0 ni ariwo rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i), Apple Music sí -16. Orin tí wọ́n ti tì dé -7, Spotify á fi 7 dB dín in kù, kò ní pariwo ju ẹnikẹ́ni lọ, ìyà tó ti jẹ ìlù ò sì ní kúrò. Kí wọ́n dúró ní -11 tàbí -12, kí téńté rẹ̀ má kọjá -1 dB, kí compressor orí gbogbo orin má sì máa fetí sí ohun tó wà nísàlẹ̀ 120 Hz. DJ òde ìnáwó ò ní irú ẹ̀rọ adínariwo bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń ro tiwọn, kó ṣe ẹ̀dà kan lọ́tọ̀ fún wọn, kó má fi ìyẹn ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn olórin àti àwọn tó ń náwó sí rẹ́kọ́ọ̀dù ni èyí: kí ẹ tó san ìdá tó kù nínú owó sítúdíò, ẹ pe àyàn kan tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gba orin náà sílẹ̀. Ẹ gbé orin fún un lórí fóònù lásán, kí ohùn rẹ̀ má ga ju ti ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ lọ, kí ẹ sì ní kó fẹnu sọ ohun tí gángan ń wí. Ibi tí kò bá ti gbọ́, ẹ kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnjiníà. Kí ẹ sì gba fáìlì tíráàkì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ wọn, WAV, 24-bit, láìsí limiter lórí rẹ̀, kí ẹlòmíràn lè tún un dà pọ̀ lọ́jọ́ iwájú láìjẹ́ pé ẹ tún pe àyàn padà wá.

Àwa tiyín,
Àwọn tó ń da ohùn orin pọ̀, Ìbàdàn.